Ohùn Bàbá Mi Nínú Páálí Ẹlòmíràn

Òórùn òjé tó ń yọ́ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Tí o bá ti wọlé tán, òórùn páálí tí òjò ti pa rí, tó sì tún gbẹ, yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún wà, létí ọ̀nà kan tó dagun, níbi tí ìkùukùu ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lówùúrọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń dáná igi tútù. Bàbá tó ni ín ń tún rédíò ṣe, ṣùgbọ́n rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, àwọn àwo orin tí àwọn òbí wa ń lù kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé, ló kún ibẹ̀ dé òrùlé. Ọ̀dọ́kùnrin ni nígbà tó ti ìlú kan lápá Ọ̀yọ́ wá. Ẹ̀fọ̀n ló ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ ló ti bímọ, ibẹ̀ ni irun rẹ̀ funfun sí, síbẹ̀ "ilé" ló ṣì ń pe ohun tí gbogbo wa ń pè ní "ulé". Orí kunkun rẹ̀ kò sì mọ sórí èdè nìkan. Tí mo bá ń sọ ọ́ báyìí, mo lè rẹ́rìn-ín. Nígbà náà, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ìgbà tí mo pòṣé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni, nígbà ìsinmi gígùn, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Aramọ̀kọ ni mo ti ń ṣe tíṣà, ìyá mi sì wà nílé wa ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Ó tó bí ọdún kan tí bàbá mi ti kú. Mo lọ kí ìyá mi lọ́jọ́ kan, a jọ ń bó ẹ̀gúsí, ló bá sọ wẹ́rẹ́ pé òun ti ń gbàgbé ohùn ọkọ òun. Ó ní òun rántí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ, òun rántí bó ṣe máa ń wúkọ́, ṣùgbọ́n tí òun bá ní kí òun gbọ́ ọ létí òun, ohùn àbúrò ọkọ òun ló ń wá dípò. Kò sunkún. Ó kàn ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Fóònù tí mo fi ká ohùn bàbá mi sílẹ̀ níbi tó ti ń gbàdúrà fún ọmọ mi ti bọ́ sómi, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sì bá a lọ. Mo sọ fún ìyá mi pé ohùn náà kò sí níbì kankan mọ́.

"Ó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù," ló dá mi lóhùn.

Èmi tí mo ti lé lógójì ọdún, n kò gbọ́ ọ rí! Télọ̀ ni bàbá tí mo mọ̀, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń fi pínnì há ètè. Ìyá mi wá ṣàlàyé pé kí wọ́n tó bí mi, ó máa ń bá ẹgbẹ́ olórin kan ní Ẹ̀fọ̀n gbe orin, àti pé wọ́n jọ lọ ṣe àwo kan ṣoṣo ní Ìbàdàn. Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n yá ẹbí kan, ẹbí náà kó lọ sí Èkó, ó parí. Mo bi í léèrè orúkọ àwo náà. Kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Ó ti gbàgbé.

"Páálí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé," ó ní. "Ọkùnrin mẹ́fà dúró ti mọ́tò kan. Mọ́tò náà kì í ṣe tiwọn."

Ohun tí mo gbé lọ bá bàbá onírẹ́kọ́ọ̀dù nìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbọ́ àlàyé mi tán, ó ní kí n jókòó. Ó gbé àwo kan tí n kò béèrè fún lé orí ẹ̀rọ, ó sì ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan títí yóò fi parí. "A kì í fi ìkánjú tú àwo, tíṣà." Ojú kan parí, ó yí i sí ojú kejì. Nígbà tó wá jẹ́ kí n máa wò wọ́n, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni, kí n yọ ọ́, kí n fi aṣọ nù ún, kí n dá a padà síbi tí mo ti mú un gan-an. Ibo ni "gan-an" wà nínú irú rúdurùdu bẹ́ẹ̀? Orin ìjọ ló wà lórí àwàdà, àwàdà lórí orin ijó, kò tẹ̀lé lẹ́tà orúkọ, kò tẹ̀lé ọdún, kò sí ohun tí ẹni tó lọ ilé-ìwé lè dì mú. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní oorun ń kun òun, ó tilẹ̀kùn, ó sì fi mí sílẹ̀ sínú òjò.

Lẹ́ẹ̀kejì tí mo lọ, àgádágodo ni mo bá. Wọ́n ní ó lọ síbi ìsìnkú kan ní Ìlogbò. Mo wọ mọ́tò padà sí Aramọ̀kọ, mo sì ń bú u nínú mi títí mo fi délé.

Lẹ́ẹ̀kẹta, òjò pọ̀ débi pé ojú tì í láti lé mi síta. Ó sùn lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ń hanrun. Èmi náà wò ó, mo wo àwọn páálí náà, mo sì sọ fún ara mi pé àǹfààní dé. Kí ó tó jí, mo ti tú ògiri kan palẹ̀. Mo kó àwọn olórin ìjọ sọ́tọ̀, mo kó àwọn oníjó sọ́tọ̀, mo to ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní a-b-d. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń ṣe é. Ibi tí mo ti ń ṣe é ni páálí aláwọ̀ ewé kan ti yọ jáde. Ọkùnrin mẹ́fà, mọ́tò kan. Ẹnì kẹta láti apá òsì ni bàbá mi, ó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, nínú ṣòkòtò tó fẹ̀ ju òun alára lọ. Ọmọdékùnrin lásán ni! Mo yọ àwo inú rẹ̀. Ìwàásù ni. Ìwàásù ajíhìnrere kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Mo jí bàbá náà. Ó ṣí ojú kan, ó wo páálí, ó wo àwo.

"O ti rí ilé," ó ní. "Onílé ló kù."

Ó wá dìde jókòó, ojú rẹ̀ sì bá ògiri tí mo tún tò. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Mo ń retí kí ó dúpẹ́. Fìlà rẹ̀ ló mú, ó fi dé orí, ó sì sọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ pé kí n ṣáà tètè ṣe, nítorí pé kò ní sí ẹyọ kan níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ọkùnrin kan tó ń kó àwo àtijọ́ ránṣẹ́ sí òkè òkun ti ra gbogbo rẹ̀. Ojú òun kò ríran dáadáa mọ́, ó ní, àwọn ọmọ òun kò sì fẹ́ ẹ.

"Ẹ sì ń wò mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ ò sọ?"

"O ò jókòó pẹ́ tó ọ̀rọ̀."

Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà. Mo wá ní Ọjọ́bọ̀, mo wá ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ń yọ àwo kọ̀ọ̀kan nínú páálí, mo ń ka ohun tí wọ́n kọ sí àárín rẹ̀, ìyẹn èyí tí omi ò tíì pa rẹ́. Ẹ̀yìn ń ro mí, eruku ti dí mi nímú. Òun náà jókòó tì mí, ó ń gba àwo lọ́wọ́ mi, ó ń nù ún, ó ń sọ ìtàn rẹ̀. Èyí, ọkùnrin kan fi ń tu ìyàwó rẹ̀ lójú. Ìyẹn, wọ́n lù ú níbi ìkómọ kan títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sinmi ìtàn. Kò sinmi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó tún gba àwo kan lọ́wọ́ mi pé n kò nù ún dáadáa, nǹkan já nínú mi.

"Bàbá, ohùn bàbá mi ni mò ń wá! Lọ́la ni wọ́n ń kó o lọ! Kí ló dé tí ẹ ò to nǹkan yín bí ènìyàn?"

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo dìde, àwo tó wà lórí itan mi sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ti ayé àtijọ́ gan-an ni, àwọn tó máa ń fọ́ bí àwo tánganran. Ó fọ́ sí mẹ́ta. N kò tíì ka ohun tó wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí n mú un, ara mi kọ̀. Bàbá náà ló tẹ̀ba, ó kó o jọ, ó sì gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀ gidigidi.

"Kì í ṣe òun. Jókòó."

Mo jókòó. Omi ti bọ́ lójú mi, inú sì ń bí mi pé ó bọ́.

"Mo to nǹkan mi," ó ní pẹ̀lẹ́. "Ìwọ lo tú u. Ilé tí wọ́n ti wá ni mo fi ń tò wọ́n. Bí bàbá kan bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kó àwo rẹ̀ wá fún mi, n kì í yà wọ́n nípá. Ohun tí ẹnì kan fi etí rẹ̀ kó jọ láyé ni."

Mo wo ògiri tí mo tún tò. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò bi mí. Orúkọ àwo lò ń bi mí, o ò sì mọ orúkọ náà."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo gbé páálí aláwọ̀ ewé náà fún un, mo bi í pé ilé ta ló ti wá. Ó yí i padà. Ní igun ẹ̀yìn rẹ̀, bàbá náà ti fi báírò kọ àmì kékeré kan bí ẹsẹ̀ adìẹ, àmì ilé tí ó ti wá. Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Àgbẹ̀ kan ní Ayétòrò ni, ó ní, àgbà ìjọ, tó fẹ́ràn orin ijó ju bó ti yẹ lọ. Páálí ìwàásù ló máa ń fi àwo ijó pamọ́ sí, kí ìyàwó rẹ̀ má baà mọ èyí tó rà.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹsẹ̀ adìẹ. Wákàtí kan kò tíì pé tí a fi rí méje. Nínú ìkeje, lẹ́yìn àwòrán oníwàásù kan tó gbé Bíbélì sókè, ni àwo náà wà. Wọ́n kọ orúkọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i ní wínníwínní. Wọ́n ṣi orúkọ bàbá mi kọ, ṣùgbọ́n òun ni.

Mo ní kí ó lù ú. Ó kọ̀. Ó ní ìyá mi ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo sọ fún un pé ìyá mi kò ní ẹ̀rọ. Ó dìde, ó fi aṣọ di ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo bátìrì, ó tilẹ̀kùn, ó sì bọ́ sọ́nà níwájú mi. Láti Ẹ̀fọ̀n títí dé Òkè-Ìmẹ̀sí, orí itan rẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ náà sí, kò sì sí kòtò kan tí mọ́tò já sí tí kò bá dẹ́rẹ́bà jà lé lórí.

"Ẹ wọ ulé o," ni ìyá mi kí wa. Nígbà tó gbọ́ ohun tí a gbé wá, ó lọ wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó pààrọ̀ gèlè, ó jókòó bí ẹni tó ń retí àlejò. Bàbá náà gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Ó kọ́kọ́ ń ta pàrà pàrà bí ọ̀rá inú iná, lẹ́yìn náà ni gìtá dé, àwọn ọkùnrin sì gbe orin lẹ́ẹ̀kan náà. N kò lè mọ ti bàbá mi yàtọ̀ láàárín wọn. Mo wo ìyá mi. Òun náà ń wá a. Nígbà tó yá, àwọn yòókù dákẹ́, ẹnì kan ṣoṣo sì gbà á, gbólóhùn kan péré. Òun ni. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Ohùn náà gòkè dáadáa, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kó ti dún jù, ó là sí méjì bí ti ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà.

Ìyá mi pòṣé gidi.

"Ṣé mi ò sọ fún yín?" ó pariwo mọ́ ẹ̀rọ náà. "Ọ̀finkìn ń ṣe yín, òjò ń rọ̀, mo ní ẹ fi aṣọ bo ọrùn, ẹ ní ẹ kì í ṣe ọmọdé! Ẹ wá wò ó! Ẹ gbé e lọ dé Ìbàdàn kí gbogbo ayé lè gbọ́!"

Ó ń jà, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ó ní kí bàbá náà padà síbẹ̀ yẹn. Bàbá náà gbé abẹ́rẹ́, ó dá a padà. Ó ní kó tún padà. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọwọ́ mi lára àwo fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó dá abẹ́rẹ́ yẹn padà títí n kò fi lè kà á mọ́.

Wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù náà lọ lọ́jọ́ Sátidé bó ṣe wí. Àwo tiwa ńkọ́? Ó ní ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé ni òun tà, èyí kò sì sí ní ṣọ́ọ̀bù, Òkè-Ìmẹ̀sí ló wà. Ẹ̀rọ náà kò tún kúrò lọ́dọ̀ ìyá mi.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wa. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, kò sẹ́ni tó bá a jà. Níbi ìsìnkú, ẹni rere ni. Nínú àdúrà, ẹni rere ni. A yìn ín, a yìn ín, títí ó fi di ẹni tí a kò mọ̀ rí, tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò sì lè gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mọ́. Ọjọ́ tí ìyá mi bínú sí i nípa ọ̀finkìn àtijọ́ yẹn ni ọkọ rẹ̀ padà wọlé tọ̀ ọ́.

Èmi náà gbìyànjú ẹ̀ ní Aramọ̀kọ, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Mo sọ ọ́ síta, bí ẹni pé ó jókòó níwájú mi: "Bàbá, ẹ̀yin náà! Oṣù mẹ́fà ni àyà fi dùn yín, ẹ ò sọ fún ẹnì kankan. Irú kí nìyẹn?" Ìbínú náà gbóná débi pé mo da aṣọ sílẹ̀. Ẹkún tí n kò lè sun níbi ìsìnkú rẹ̀ wá dé, mo sì jókòó lórí báàfù tí mo dojú rẹ̀ dé, mo sun ún tẹ́rùn.