Wáfù Tí Mujeebat Ṣe fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni Mujeebat. Ọdún kọkànlélógún rèé tí a jọ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà ní Pópó Yemọja, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí apá aṣọ kan ò bá jókòó lójú rẹ̀, yóò tú u palẹ̀, kódà bí oníbàárà bá ti ní ó dára. Alágídí ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Muhydeen, nìkan ni kò rí ojútùú sí.

Ìyá kan náà ló bí wọn. Nígbà tí ìyá náà ń ṣàìsàn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Mujeebat ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀kọ mímu tó fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ìyá mu kẹ́yìn. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Ìbànújẹ́ ò jẹ́ kí Muhydeen mọ ohun tó ń sọ mọ́, ló bá bú jáde lójú gbogbo agboolé: "Oúnjẹ ọwọ́ rẹ ni ìyá mi jẹ kú!"

Háà! Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, Muhydeen ń wá kí wọn nílé o, àmọ́ omi lásán kò mu níbẹ̀. Mujeebat ò bá a jà, ó kàn ń rù ni. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí ò bínú. Ó ní, "Àtọ́kẹ́, bí mo bá bínú, ta ni yóò wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi?"

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún yìí dé, Mikail, ọ̀rẹ́ Muhydeen tí wọ́n jọ ń kírun l'Ọ́jà'ba, bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà pé òun á wá ṣínu nílé àbúrò òun. Mujeebat ní òun á se ìrẹsì, òun á sì fi wáfù ṣokoléètì, àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń yan láàárín irin, ṣe ìpanu tẹ̀lé e.

"Wáfù kẹ̀? Kí ni mọ́ínmọ́ín ṣe ọ́?" ni mo bi í.

"Gbogbo oúnjẹ tí mo mọ̀ ọ́n sè, ìyá wa ló kọ́ mi. Bí bọ̀dá mi bá tọ́ ọ wò, ìyá ni wọn yóò rántí. Mo fẹ́ oúnjẹ kan tí kò mọ ọ̀rọ̀ ilé wa."

Karimat, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, ló mú irin wáfù wá, oníkòtò kéékèèké bí afárá oyin, òun àti kòkó lílọ̀ nínú ọ̀rá, ó sì padà síbi iṣẹ́. A po fúláwà, ẹyin, mílíìkì àti bọ́tà. A da kòkó sí i, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán bíi ti tíì ṣokoléètì tí à ń mu ní sààrì. Mujeebat nawọ́ sí ṣúgà. Èmi ọlọ́gbọ́n lójú ara mi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀ jàre! Ṣé o ò mọ̀ pé ṣúgà ti wà nínú ṣokoléètì ni?"

Ẹ wò mí, kòkó ni bàbá mi fi kọ́lé, mi ò sì tọ́ ọ wò láìní ṣúgà rí! Ààwẹ̀ sì wà lẹ́nu wa. Àáfà ti sọ pé alásè lè fi ahọ́n kan ọbẹ̀, kó tu ú dànù, ṣùgbọ́n Mujeebat ní òun ò ní bá wọn dán irú ẹ̀ wò. Wáfù ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dára lójú, inú mi ń dùn sí ara mi.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun àṣálẹ́, Muhydeen àti Mikail ti dé. Mikail yọ èso dàbínù lápò, òun àti Muhydeen fi ṣínu. Muhydeen yọ ike omi tirẹ̀ jáde. Wọ́n kírun tán, ìrẹsì dé, Muhydeen ní ikùn òun ò tíì ṣí.

"Ẹ kúkú fi èyí panu, bọ̀dá mi." Mujeebat kúnlẹ̀, ó gbé wáfù síwájú rẹ̀. Mikail fẹsẹ̀ tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Muhydeen bù ú sẹ́nu, ó rún un díẹ̀, ó dúró.

"Ó korò," ló wí.

Ó korò kẹ̀? Lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti fi oúnjẹ bú fún ọdún mẹ́ta! Mujeebat mú wáfù kan nínú àwo, ó jẹ ẹ́, ó tún mú òmíràn, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń kó o sẹ́nu bí ẹni tí ebi fẹ́ pa kú.

"Èmi ni!" ni mo kígbe. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ní kó má fi ṣúgà sí i!"

Muhydeen nawọ́, ó gba èyí tó wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ó wo wáfù náà títí.

"Mujeebat, ẹni tó bá fẹ́ pani, ṣúgà ni ì bá fi sí i."

Ló bá ń jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ ń fún pọ̀, ó ń gbé e mì. Ó tún mú nínú àwo; mẹ́rin gbáko ló jẹ, mo kà á. Mujeebat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò sì sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.