Abọ́ Ìbéèrè Àǹtí Rúdurùdu

Abọ́ ike kan wà lórí tábìlì Àǹtí Rúdurùdu, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa níwèé lẹ́yìn ilé-ìwé. Inú abọ́ yìí ni Àǹtí máa ń ká àwọn ìwé pélébé tí wọ́n kọ ìbéèrè sí: ìṣirò ìdá, ìṣirò èrè àti àdánù, gírámà, àwòrán ilẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dàpọ̀. Ọmọ á tọwọ́ bọ̀ ọ́, èyí tó bá yọ ni yóò ṣe. Àwọn òbí ló sọ wọ́n ní Rúdurùdu. Bàbá kan tiẹ̀ ní òun ò rán ọmọ òun lọ ta tẹ́tẹ́. Èmi tí mò ń ránṣọ ní yàrá tó kàn ni mo ń dín ṣòkòtò bàbá yẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ ló kún àpò ẹ̀. Ṣíọ̀.

Ẹsẹ̀ Àǹtí máa ń wú. Wọ́n á ti ẹsẹ̀ bọ omi tútù lábẹ́ tábìlì, wọ́n á sì máa kọ́ ọmọ lọ láìpariwo. Bí ọmọ bá kùnà, wọ́n á ní, “Kò burú. Ìbéèrè kì í wọlé kó kọ́kọ́ dárúkọ ara ẹ̀. Ìwọ lo máa dá a mọ̀.”

Òdìkejì títì ni Tísà Ogún-nínú-Ogún wà. Bí ìyẹn bá bẹ̀rẹ̀ ìdá lọ́jọ́ Ajé, ìdá ni títí di ọjọ́ Ẹtì. Á kọ orúkọ ìṣirò náà gàdàgbà sókè pátákó, á ṣe ọ̀kan, àwọn ọmọ á máa sín in jẹ, gbogbo wọn á sì gba ogún. Ẹ̀rín ọkùnrin yẹn àti lọ́fínńdà tó ń dà sára máa ń rí mi lára.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà, lọ́dún tí yóò ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama ìjọba. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é. Bùọ̀dá mi (mi ò ní fi “wọ́n” bọ̀wọ̀ fún un níbí, inú ń bí mi) ti gbé aṣọ yunifọ́ọ̀mù wá fún mi kí ọmọ tó ṣèdánwò rárá.

“Mọ́kànlá nínú ogún ni ọmọ yìí tún gbà lọ́dọ̀ Àǹtí,” ló wí. “Ṣé èyí ni màá máa fi han àlejò?”

“Bùọ̀dá mi, ẹ ṣe sùúrù. Ó ń yé e díẹ̀díẹ̀ ni.”

“Máa rán aṣọ ẹ, jàre.”

Ló bá mú ọmọ lọ sí òdìkejì títì. Kò pẹ́, ogún-ogún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bùọ̀dá mi ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé wọn mọ́ ògiri pálọ̀; àlejò ò tíì jókòó tán tó fi máa nàka sí i.

Lọ́jọ́ kan, mo bi ọmọ náà pé: aṣọ yàádì mẹ́fà, mo gé ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀, yàádì mélòó ló kù?

“Mọ̀mí aránṣọ, irú ìṣirò wo nìyẹn?”

“Ìdá ni.”

“Yàádì mẹ́rin,” ló wí lójú ẹsẹ̀.

Mo sọ fún bàbá ẹ̀ pé àfi tí wọ́n bá dárúkọ ìṣirò fún ọmọ yìí kó tó lè ṣe é. Ó ní ṣebí ọmọ gbà á.

Ọjọ́ ìdánwò pé, àdàlù ni ìbéèrè. Ọmọ fi ojú wíwú wọlé. “Dádì, mo mọ gbogbo ẹ̀. Wọn ò kọ orúkọ ẹ̀ sókè ni.” Nígbà tí èsì jáde, orúkọ tiẹ̀ ò sí níbẹ̀. Èmi àti bàbá ẹ̀ la jọ lọ bá Tísà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Lọ́dọ̀ tèmi, ogún ló gbà o. Ọmọ yín ni kẹ́ ẹ bi.” Mo tutọ́ sí gọ́tà kí n tó sọdá títì.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Àǹtí, wọn ò bá bùọ̀dá mi jà. Wọ́n ní kó lọ ṣí àwọn ìwé ara ògiri wá, kí n sì yá ọmọ ní sísọ́ọ̀sì mi. Ọmọ gé ìdáhùn sọnù, ó gé àwọn ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dà wọ́n sínú abọ́, ó pò wọ́n pọ̀. Ogún ló fà yọ. Ìbéèrè kan náà, ọmọ kan náà. Ó gba méje.

Bùọ̀dá mi kó àwọn ìbéèrè náà padà sínú abọ́. “Ẹ má bínú, mà. Aago wo ni kó máa dé?”

“Bó bá ti kúrò nílé-ìwé,” ni Àǹtí wí, wọ́n ń nu ẹsẹ̀ wọn.

Ó yà sọ́dọ̀ mi kó tó lọ. Ó ní kí n má tíì gé yunifọ́ọ̀mù yẹn, torí ọmọ á ti ga sí i lọ́dún tó ń bọ̀.