Bí Ilé Dùbáì Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Bùnmi Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi nítorí pé mo fẹ́ dolówó. Ẹ má tíì máa rẹ́rìn-ín o! Ẹ jẹ́ kí n débi ẹ̀rín ná.

Ẹ mọ̀ pé tíṣà ni mí níbí ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀kọ́ ìṣòwò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí owó ṣe ń bí owó, tóṣù bá ti dé ìdajì, gààrí ni mò ń mu. Ọmọ Èkìtì, gààrí, nígbà tí iṣu kún ọjà! Ṣé àbùkù kọ́ nìyẹn?

Ibi tí mo ti ń mu gààrí náà lọ́jọ́ kan ni mo ti rí Kóòṣì, ẹni tó ń kọ́ni béèyàn ṣe ń dolówó, lórí fóònù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọkùnrin kan ni, tó máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn ganrínganrín, tó máa ń dúró síwájú ilé gíga, tó sì máa ń bi wá pé ṣé inú ilé onílé la fẹ́ kú sí ni. Èmi á dá a lóhùn látorí bẹ́ẹ̀dì mi pé, rárá o, sà!

Ó ní kò dìgbà téèyàn bá lówó rẹpẹtẹ kó tó nílé lókè òkun. Ẹ kóra yín jọ, ẹ dáwó, ẹ ra fúláàtì kan, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ á máa san owó ilé, ẹ ó sì máa pín in. Ó yé mi yékéyéké. Mo ta ọ̀kadà mi, mo da ohun tí mo ti ń tù jọ láti ọdún mélòó kan wá lé e, àwa kan para pọ̀, a ra fúláàtì kan ní Dùbáì.

Ilé náà wà o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Mo di lánlọ́ọ̀dù ní Dùbáì! Lánlọ́ọ̀dù tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo ní Ìkẹ́rẹ́, tó ń bá gbogbo ayálégbé tó kù pín balùwẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ṣùgbọ́n Kóòṣì ní ilé nìkan ò tó. Ó ní owó kì í dúró lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ní ìwà olówó, pé òwúrọ̀ la sì fi ń mọ olówó. Kí àkùkọ tó kọ ni kí n ti jí. Kí n fi omi tútù wẹ̀. Kí n máa pariwo ohun tí mo bá fẹ́ bí omi náà ṣe ń dà sí mi lára. Kí n lẹ àwòrán ilé tó wù mí mọ́ ògiri, kí n sì fi àwòrán ohun tí mo fẹ́ràn jù láyé sáàárín wọn, kí n fi máàkà pupa yí i po. Èyí tó wá le jù níbẹ̀ ni pé mi ò gbọ́dọ̀ bá ẹ̀dá alààyè kankan sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi yọ. Ó ní ẹni tó bá ń la ẹnu káàkiri ní ìdájí ti fi agbára ọjọ́ rẹ̀ ta ọlọ́jà lọ́rẹ.

Ẹ̀yin ará Èkìtì tẹ́ ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé ẹ ti rí ibi tọ́rọ̀ yìí ń lọ.

Èwo nínú yín ló rí ọkùnrin tó ń wẹ omi tútù lẹ́yìn ilé ní ìdájí, tó ń dá nìkan pariwo owó, tẹ́ ẹ kí i tí kò dáhùn, tó máa rò pé kóòṣì ló wà nídìí ẹ̀? Àwọn tó gbé oògùn ni wọ́n máa ń kìlọ̀ fún pé wọn ò gbọ́dọ̀ kí èèyàn, wọn ò gbọ́dọ̀ dáhùn, wọn ò sì gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn. Ọmọdé mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n! Àmọ́ ọpọlọ mi ti ṣáájú mi lọ sí Dùbáì.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bùnmi.

Nọ́ọ̀sì ni Bùnmi, ọmọ ìlú Ìṣẹ́-Èkìtì ni. A ti ń fẹ́ra bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, a sì ti mú ọjọ́ tí àwọn ẹbí mi máa lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Àgbẹ̀ oníkòkó ni Bàbá, àgbà ìjọ ni, kì í sì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó ti sọ pé àwọn máa ṣe ìwádìí mi kọ́jọ́ náà tó pé, gẹ́gẹ́ bí gbogbo òbí ti ń ṣe. Ẹ̀rù ò bà mí rárá. Mo ti ra búrẹ́dì fún pásítọ̀ wa, mo ti ń bá ọ̀gá ilé ìwé wa gbé báàgì. Ta ni wọ́n máa bi tí kò ní yìn mí?

Mi ò mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ obìnrin, Màmá Ṣọlá, ni Bàbá máa rán. Mi ò rí màmá yìí rí láyé mi. Wọ́n wọ mọ́tò àkọ́kọ́ láti Ìṣẹ́, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ bí ẹni tó ń wá epo pupa rà lọ́wọ́ ìyàwó lánlọ́ọ̀dù mi, wọ́n sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ìkùukùu ṣì bo àpáta Olósùnta láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òtútù mú. Mo wà níwájú balùwẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, mo ń da omi tútù sórí, eyín mi ń gbá ara wọn, mo sì ń pariwo pé, "Owó, wọlé wá! Ilé, ẹ máa pọ̀ sí i! Ohun tí mo bá fẹ́, ẹ gbé e fún mi!"

Mo yíjú padà. Màmá kan dúró tòun ti kẹ́ẹ̀gì.

Wọ́n ní, "Ẹ kú ìdájí o."

Mo wò wọ́n. Oòrùn ò tíì yọ. Ọkàn mi ní kí n dọ̀bálẹ̀, Kóòṣì ní kí n pa ẹnu mọ́. Màmá tún kí mi lẹ́ẹ̀kejì, àgbàlagbà tó ṣáájú kí mi, wọ́n bi mí bóyá dáadáa ni mo jí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo fi ìka lé ètè, mo na ìka kejì sókè ọ̀run láti fi yé wọn pé oòrùn ni mò ń dúró dè, mo sì sáré wọnú yàrá lọ!

Mo gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Màmá Ṣọlá yọjú. Iná ò sí, nítorí náà àbẹ́là ni mo tàn sórí tábìlì lábẹ́ ògiri. Lókè àbẹ́là yẹn ni àwòrán àwọn ilé wà. Láàárín àwọn ilé náà, ta lẹ rò pé mo fi àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, tí mo fi máàkà pupa yí i po?

Bùnmi ni o. Òun ni mo fẹ́ràn jù láyé. Kí ni kí n fi síbẹ̀, màlúù?

Kẹ́ẹ̀gì yẹn bọ́ lọ́wọ́ màmá, wọn ò sì dúró gbé e. Mo rò pé ebi ló ń pa wọ́n tí wọ́n fi sáré lọ sílé, mo sì ń bá ìwà olówó mi lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Bùnmi pè mí. Ó ní bàbá òun ti ní ká má wulẹ̀ wá mọ́, pé òun ò bí ọmọ fún ẹni tó ń tan àbẹ́là sí i. Ó ní òun ti bẹ̀ ẹ́, òun ti sọ fún un pé ọkùnrin tí kò lè pa adìyẹ lọ́dún Kérésì, tó jẹ́ pé òun lòun bá a pa á, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa wá pa èèyàn? Bàbá dá a lóhùn pé adìyẹ kọ́ ni wọ́n fi ń ṣoògùn owó. Bùnmi ò rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó bà mí gan-an. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí. Tí wọ́n bá fún mi ní gbogbo Dùbáì láìsí òun níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìṣẹ́. Mi ò ní ọ̀kadà mọ́, ẹ rántí pé mo ti fi ra ilé!

Bàbá àti Màmá Ṣọlá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mo ṣe rí wọn báyìí, mi ò wo ilẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Orí kòkó tí wọ́n sá sí iwájú ilé ni mo dọ̀bálẹ̀ sí. Kòkó wọ àpò mi, ó wọ imú mi. Bàbá ní kí n dìde nínú kòkó àwọn, pé ìyẹn ò tíì gbẹ.

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti Kóòṣì, mo sọ ti omi tútù, mo sọ ti oòrùn. Màmá Ṣọlá ní kóòṣì wo ló máa ní kéèyàn má kí àgbà? Mo ní ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi fídíò rẹ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́. Mo tan fóònù. Kóòṣì yọ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. Ó na ìka sí Bàbá lójú, ó ní, "Kò sí olówó kan tí kò fi nǹkan rúbọ! Ohun tó o fẹ́ràn jù lọ, òun gan-an lo máa..."

Dátà tán.

Ẹ má bi mí bí ara mi ṣe rí. Fídíò dúró gbagidi, ẹnu Kóòṣì là sílẹ̀. Màmá Ṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ọlọ́run ló ní kí Bùnmi jáde sí wa látinú ilé pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó fi dátà tirẹ̀ gbà mí là. Kóòṣì bá tẹ̀ síwájú: "...òun gan-an lo máa fi sílẹ̀, ìyẹn oorun àárọ̀!"

Bàbá tú ẹ̀rín jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí fìlà wọn fi ṣí. Mo rò pé ó ti tán, àṣé ó kù.

Wọ́n ní kí n fi ilé náà han àwọn. Mo fi àwòrán hàn wọ́n. Wọ́n fi èdè Èkìtì bi mí pé nínú ulé yìí, níbo lèèyàn máa gbé odó sí tó bá fẹ́ gúnyán? Mo ní kò sáyè odó, sà. Wọ́n ní apá ibo gan-an wá ni tèmi? Mi ò lè purọ́ níwájú àna. Mo fọkàn ṣe ìṣirò owó tí mo dá, mo wá fi ìka tọ́ka sí i: láti ibi ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń fọ eyín.

Màmá Ṣọlá pàtẹ́wọ́. "Balùwẹ̀! Ó ní balùwẹ̀ ní Dùbáì, ìta gbangba ló ti ń wẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́!"

Bàbá ní, "Ulé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ò bi ọ́ léèrè ulé lókè òkun, ọmọ mi. Àbúrò mi kí ọ lẹ́ẹ̀mejì, o ò dá a lóhùn. Ulé tí wọn kì í ti í kíra wọn, ta ló fẹ́ kí ọmọ òun lọ gbé níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju omi tútù lọ.

Ìdájọ́ tí wọ́n dá fún mi rèé. Lọ́jọ́ Sátidé, kí n dé sí Ìṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà Màmá Ṣọlá, kí n máa kí gbogbo ojúlé títí dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí oòrùn tó yọ. Tí ẹnì kan bá sọ pé mi ò kí òun bó ṣe yẹ, kí n gbàgbé Bùnmi.

Ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìṣẹ́ ni mo sùn mọ́jú. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí èèyàn! Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìkíni tiwa kì í ṣe ti ẹnu kan ṣoṣo. Ẹni tó ń gbálẹ̀, mo kí i kú iṣẹ́. Ìyálọ́mọ tuntun, mo kí i kú ewu. Àwọn tó tètè jókòó dirun, mo kí wọn kú ewà. Bàbá àgbà kan ṣì ń sùn, mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ fèrèsé, mo ń kí wọn kú òtútù títí wọ́n fi jí bú mi, tí wọ́n sì wá súre fún mi. Mo kí ewúrẹ́ kan nínú òkùnkùn, mo rò pé màmá kan ló bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò jẹ́ kí n lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹni yìí fún mi níṣu, ẹni yẹn fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Màmá kan ní ṣé tíṣà ni mí, pé kí n máa wá kọ́ àwọn ọmọ òun níwèé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa yọ, mo ti di ẹrù rù. Bí mo ṣe padà dé iwájú Bàbá nìyẹn, iṣu lórí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábíyá, ohùn mi ti há. Mo wo ilẹ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, mo yẹra fún kòkó, mo dọ̀bálẹ̀.

Bàbá wojú àbúrò wọn. Màmá Ṣọlá kọ́kọ́ tún gèlè wọn wé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó kí wọn. Kódà, ó kí ewúrẹ́ mi."

A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ o! Nígbà tí Bàbá ń gbàdúrà lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún wa ní ulé tó ju balùwẹ̀ lọ, ulé tí odó á gbà. Àmín tèmi ló ròkè jù.

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi, àìlanu ló kó mi sí wàhálà. Ẹ ra ilé sókè òkun tó bá wù yín, èmi ò ta tèmi. Ẹ tètè jí, ẹ wẹ omi tútù. Ṣùgbọ́n ẹ kí èèyàn! Àwọn tẹ́ ẹ kí láàárọ̀ ni wọ́n máa wá jẹ́rìí yín lọ́sàn-án.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ìwà olówó wo lẹ ti kọ́ lórí fóònù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àna yín sá? Ẹ kọ ọ́ síbí, kó má jẹ́ èmi nìkan ni wọ́n á máa pè ní Ọkọ Balùwẹ̀.

Ẹ dúró ná, fóònù mi ń dún. Màmá Ṣọlá ni, gbogbo ìdájí ni wọ́n máa ń pè mí báyìí láti dán mi wò. Oòrùn ò tíì yọ o. Ẹ jẹ́ kí n tètè gbé e, kí n sì ṣáájú wọn kí wọn.