Ẹsẹ̀ Ta Ni? Ìdágbére fún Gbádébọ̀ Tó Fẹsẹ̀ Wọn Ilẹ̀

Gbádébọ̀ o! Gbádébọ̀ ọ̀rẹ́ mi! Ṣé bó o ṣe máa lọ nìyẹn, tí iyàn tí à ń jà kò tíì parí?

Kọ́mítì ìsìnkú ní kí n fi "ó dìgbà" bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní sùúrù. Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kọ́kọ́ rò, nítorí àwọn kan fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu, ìwọ ò sì sí níbí láti tu ú dànù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọdún méjìlélógún ni èmi àti olóògbé fi jókòó pọ̀ nínú yàrá àwọn olùkọ́. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, òun ń kọ́ wọn ní jíọ́gíráfì. Ìgbà tí a fẹ̀yìn tì tán ló di Mọ́mọ́nì, ìjọ àwọn tó ní ìwé mímọ́ mìíràn lẹ́yìn Bíbélì. Onítẹ̀bọmi lèmi, bẹ́ẹ̀ ni n ó sì ṣe kú. Ìwé mímọ́ tiwọn kì í ṣe tèmi. Ìwé náà sọ ìtàn àwọn kan tó wọkọ̀ ojú omi láti apá Jerúsálẹ́mù dé Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, tí wọ́n tẹ ìlú dó, tí wọ́n jagun títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán. Ó dárúkọ odò, ó dárúkọ òkè, ó dárúkọ ilẹ̀ tóóró kan láàárín omi méjì. Ṣùgbọ́n ibo gan-an ni? Ibẹ̀ ni ìjà wà. Àwọn kan ní apá Mẹ́síkò ni. Àwọn mìíràn ní rárá o, apá àríwá lọ́hùn-ún ni, lẹ́bàá àwọn adágún ńlá. Àwọn kan tiẹ̀ gbé e lọ sí Pérú.

Ìwọ Gbádébọ̀, ta ló máa sọ irú èyí létí rẹ, tí wàá sì sùn? O ya mápù títí tábìlì ìjẹun yín ní Bódìjà kò fi gba àwo mọ́. Ìyàwó rẹ, Ìyá Ṣadé, ló fi ẹjọ́ sùn mí: "Ẹ wò ó, Bàbá Kúnlé, mo fẹ́ gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, ọ̀rẹ́ yín ní kí n má da epo sí Mẹ́síkò."

Ìwé náà wí pé ìrìn ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni ènìyàn fi ń la ilẹ̀ tóóró náà kọjá. Àwọn ẹlòmíràn ń fi rúlà jiyàn. O ní, "Tíṣà, jẹ́ ká rìn ín." Lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rin! A kúrò ní Bódìjà láàárọ̀ kùtùkùtù, a kọjú sọ́nà Ọ̀yọ́. Nígbà tí a dé Mọ́níyà, orúnkún mi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo gun ọ̀kadà padà sílé, ojú ò tì mí. Ìwọ ń lọ. Fìdítì lo sùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo wọkọ̀ wá ọ lọ, mo bá ọ ní Ìlọrà níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, o ti bọ́ bàtà, ò ń jẹ ẹ̀pà, ò ń kọ̀wé.

Mo ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí lo rí?"

O ní, "Mo rí i pé ọjọ́ kan àti ààbọ̀ tèmi parí sí Ìlọrà. Tìẹ parí sí Mọ́níyà."

Láti ọjọ́ náà, ẹni yòówù tó bá sọ níwájú rẹ pé òun mọ bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó, ìbéèrè kan ṣoṣo lo máa bi í: "Ẹsẹ̀ ta ni?"

Ẹnjiníà kan wà nínú ìjọ rẹ tí kì í sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ tún táì ṣe. Ó fi odidi wákàtí kan ṣàlàyé pé Mẹ́síkò ni, ó ku kó pín fọ́ọ̀mù ilẹ̀. O nawọ́ sókè lẹ́yìn: "Ẹsẹ̀ ta ni, sà?" Oṣù mẹ́ta ni kò fi kí ọ. Òun náà ló wá kọ gbólóhùn kan fún ìwé ìsìnkú yìí, pé o "fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Mẹ́síkò ni." Ni àwọn tó ní ẹ̀bá adágún ni bá ní irọ́ ni, tiwọn lo ṣe. Ìyá Ṣadé fà mí wọ ilé ìdáná: "Bàbá Kúnlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irọ́ sin ọkọ mi."

N kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Mo kọ ọ́ síbí, kí gbogbo ayé kà á: Gbádébọ̀ kò fìdí nǹkan kan múlẹ̀. Mápù méje ló yà. Lẹ́sẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé, "Mi ò tíì mọ̀." Wọ́n wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó yà sílé mi. Ó gba ìwé rẹ̀ gbọ́ tọkàntọkàn, kò dúró de mápù kó tó kúnlẹ̀ àdúrà. Ṣùgbọ́n ibi tí kò bá mọ̀, ó ń sọ pé òun ò mọ̀. Ẹ̀yin tó gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, mélòó ni yín tó lè sọ ọ́? Ẹnjiníà, ẹ máa bínú. Ẹ̀yin ará adágún, ẹ máa bínú. Ọ̀rọ̀ kan kò ní kúrò nínú èyí.

Ọ̀rẹ́ mi, lónìí, àwọn kan máa dúró létí sàréè rẹ, wọ́n á sọ fún wa bí ọ̀nà ọ̀run tó o gbà ṣe jìn tó gan-an, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nọ́ńbà ilé. N ó nawọ́ sókè lẹ́yìn. O mọ ohun tí n ó bi wọ́n.

Ìgbà yìí ni mo tó ṣe tán láti sọ ọ́: ó dìgbà o, Gbádébọ̀. Bí o bá dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ dé, bọ́ bàtà, kó o dúró dè mí. N ó pẹ́ díẹ̀. Orúnkún yẹn ò tíì sàn. Títí n ó fi dé, ẹni tí kò parọ́ ilẹ̀, sùn re nínú ilẹ̀ o.