Ìṣó Inú Dáìsì

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìlá, ẹ̀yin ọmọ mi, kò sẹ́ni tó ń ra lúdò fún wa. Ọwọ́ ara wa la fi ń ṣe é. Páálí ọṣẹ ni ọpọ́n. Osùn ìyá àgbà la fi ń kun ilé kan, búlùú ìfọṣọ la fi ń kun èkejì, a ó fún omi ewé sí ẹ̀kẹta, a ó sì fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdérí ìgò ni ọmọ ayò. Dáìsì ńkọ́? Àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì tó ti já ni mo máa ń fi abẹ gé, màá wá fi ìṣó gbígbóná jó ojú rẹ̀. Kí n má purọ́, kò sọ́mọ tó mọ̀ ọ́n gé tó mi ládùúgbò wa.

Àwa ọmọdé ní òfin kan: ẹni tó bá ṣe ọpọ́n kò gbọdọ̀ bá wọn ta ayò lọ́jọ́ ìdíje. Òun ni adájọ́. Ẹ wò ó, ipò ńlá ni! Àwọn tó jù mí lọ gan-an á máa bẹ̀ mí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ aránbàtà. Abọ́ kan náà la jọ fi ń jẹun. Nígbà tí ìdíje Kérésì ku ọ̀la, ó ní kí n fún òun ní dáìsì, pé ojú rẹ̀ kò hàn dáadáa, òun á lọ tún un jó nílé. Mo fún un. Kí ni mo fẹ́ fura sí?

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi mú dáìsì náà padà wá, òun ló sì kọ́kọ́ dà á: ó da síìsì, ó tún da síìsì. Inú mi tilẹ̀ ń dùn fún un. Àfi bí ọmọkùnrin kan tó ti Òkè-Ìlá wá ṣọdún ṣe gbá dáìsì mú, tó fi eyín fà á ya. Ìṣó kúkurú kan bọ́ sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kan bàtà. Òun ló ń fa ìsàlẹ̀ wálẹ̀ tí síìsì fi ń wà lókè.

"Ta ló gé dáìsì yìí?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Èmi yíjú sí ọ̀rẹ́ mi. Ó wò mí kòrókòró, ó ní, "Òun ló gé e. Kí lèmi mọ̀ nípa ẹ̀?"

Háà! Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ní òun ló gbà á lọ́wọ́ mi lánàá, ta ló gbọ́? Wọ́n fa ọpọ́n mi ya. "Adájọ́ onímàgòmágó!" Wọ́n sọ mí ní Ìṣó. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún gba ọpọ́n lọ́wọ́ mi, èmi náà kò sì gé dáìsì mọ́. Ọ̀rẹ́ mi jà mí lólè iṣẹ́ tí ọwọ́ mi fẹ́ràn jù. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Èkó ni ọ̀rẹ́ mi yìí ń gbé báyìí, ọdún ló máa ń gbé e wálé. Lọ́dún tó kọjá, ó yà kí mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ìṣó! O ṣì wà láyé?" Níwájú àwọn ọmọ-ọmọ mi! Wọ́n ní, "Bàbá àgbà, kí ló dé tí wọ́n ń pè yín ní Ìṣó?" Mo ń wo ẹnu ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, "Ẹ bi bàbá yín. Ó mọ màgòmágó ṣe nígbà èwe ẹ̀."

Ayé ti yí. Inú fóònù lẹ̀yin ń ta lúdò. Ẹ ò gé nǹkan kan, ẹ ò kun nǹkan kan. Bí dáìsì tiyín bá ṣe màgòmágó, ẹ̀rọ lẹ máa bú, ọ̀rọ̀ bùṣe. Tiwa ní ẹni tó gé e, ó sì ní ẹni tó ki ìṣó bọ̀ ọ́. Èmi tí mo gé e ni mò ń jẹ́ Ìṣó títí dòní.