Ìgbà Tí Mo Di Imú fún Mọ́mì

Òórùn àkàrà tó ń jóná ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nílùú yìí mọ bí ilé wa ṣe máa ń rí láàárọ̀ Sátidé: epo á máa ta lórí iná, òórùn àlùbọ́sà á ti gba gbogbo yàrá, ìyá á sì máa kọ orin ìsìn. Ṣùgbọ́n òórùn tọjọ́ yẹn ń ta mí ní ọ̀fun. Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Èéfín ti bo kíṣìnì, àkàrà ti dúdú bí èédú, Mọ́mì sì kẹ̀yìn sí iná, ó ń fọ abọ́, ó ń kọrin.

"Mọ́mì, ó ń jóná!"

Ó yíjú pa dà. "Kí ló ń jóná?"

Ó wo èéfín, ó wò mí. Ó pa iná. Ó wá mú àlùbọ́sà tó gé sílẹ̀, ó gbé e sún mọ́ imú, ó fa imú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bu ata sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ iyanrìn. Ló bá rọra jókòó sórí àga. "Mosún, mi ò gbọ́ òórùn kankan. Mi ò sì mọ adùn nǹkan kan."

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà yẹn. Thames View là ń gbé, ní Barking nílùú òyìnbó, nínú ilé kánsù kan, ilé ìjọba tí a ń háyà, tí fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà odò. Kòrónà ti dé, wọ́n ti ti ilé ìwé pa, orí tábìlì oúnjẹ ni mo ti ń ṣe kíláàsì. Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ibẹ̀ ni àìsàn náà ti ràn án. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi dùbúlẹ̀. Àkàrà yẹn ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè lẹ́yìn tó dìde, a sì ti ń dúpẹ́ pé ó ti parí. Dádì kò sí nílé. Ó lọ sin ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n sì dá ọkọ̀ òfurufú dúró kó tó lè pa dà. Àwa mẹ́ta la kù: Mọ́mì, èmi, àti àbúrò mi Ayọ̀, ọmọ oṣù mẹ́jọ, tó jẹ́ pé mílíìkì inú agolo ló ń mu látìgbà tí àìsàn ti gbẹ ọmú lára ìyá rẹ̀.

"Má sọ fún Dádì ẹ o," Mọ́mì kìlọ̀ fún mi. "Kò lè fò wá sílé. Wọ́rì lásán la máa kó bá a."

Ó wá pa òwe kan tó máa ń pa nígbàkígbà tó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́: "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìwọ ni imú ilé yìí báyìí."

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ọmọdé wo ni kò ní fẹ́ràn iṣẹ́ tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè ṣe é? Èmi ni mò ń tọ́ ọbẹ̀ wò, tí mò ń sọ pé iyọ̀ kù. Èmi ni mò ń gbóòórùn ẹran inú fíríìjì, ìlédìí Ayọ̀, aṣọ iṣẹ́ Mọ́mì lábẹ́ apá. Láràárọ̀, kí n tó fọ ẹnu, màá dúró ti sítóòfù, màá fa imú bóyá gáàsì ń jò. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò lè jókòó pẹ́ ní kíláàsì mọ́. Tíṣà á máa sọ̀rọ̀ ìṣirò, èmi á máa fa imú. Mo máa ń rò pé bí mo bá gbàgbé ẹ̀ẹ̀kan péré, ilé wa á gbiná.

Mọ́mì fúnra rẹ̀ ti rù. Ó ní jíjẹun ti dà bíi jíjẹ bébà. Ìjọ Aládùúrà là ń lọ, a sì ń ṣe ìsìn lórí fóònù lásìkò náà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ó dáná tùràrí sí pálọ̀, ó tẹ orí bò ó bí ẹni ń lo àgbo. Nígbà tó gbé ojú sókè, omijé ló wà níbẹ̀. "Ó kàn ń ta mí lójú ni," ló wí. Nígbà míì, ó máa ń gbé imú lé àtàrí Ayọ̀, á pẹ́ níbẹ̀, á sì gbé e fún mi.

Ọ̀finkìn wá mú mi. Ọ̀finkìn lásán ni, àmọ́ imú mi dí pátápátá. Ọ̀la ni màá sọ, mo ń wí fún ara mi; imú á ti là kó tó dọ̀la. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà nídìí kíláàsì nígbà tí Mọ́mì na ìgò mílíìkì Ayọ̀ sí mi. "Bá mi gbóòórùn ẹ̀. Mi ò rántí ìgbà tí mo pò ó."

Mo gbé e símú. Òfìfo. Bí mo bá sọ pé mi ò gbọ́ nǹkan kan, á rò pé Kòrónà ti mú èmi náà, kò sì ní sẹ́ni tí yóò máa ṣọ́ ilé. Mo wo ojú rẹ̀, ojú tó ti rẹ̀.

"Ó dáa, Mọ́mì."

Ayọ̀ mu ún tán. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń bì. Ìgbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ gbóná, ọrùn rẹ̀ rọ, kò sunkún mọ́. Mọ́mì pe áńbúláńsì. Àwọn méjì tó dé fi ìbòmú bo ojú, wọ́n ní ẹnì kan péré ló lè bá ọmọ lọ. Màmá Kẹ́hìndé, ìyá ìjọ wa tó ń gbé ní òdìkejì títì, ló wá dúró tì mí. Ó gbé ìrẹsì síwájú mi.

"Mosún, jẹun."

"Mi ò lè jẹ ẹ́, Mà."

Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Mò ń rò ó pé mo ti pa àbúrò mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n dé. Wọ́n ti fa omi sí Ayọ̀ lára, ó ti ń fa etí ìyá rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Dókítà ní ó lè jẹ́ mílíìkì, ó sì lè jẹ́ àìsàn míì tó ń jà láàárín àwọn ọmọdé. Kò sẹ́ni tó lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Mi ò jẹ́ kí Mọ́mì bọ́ bàtà kí n tó sọ ọ́.

"Imú mi ló dí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo parọ́."

Mo ń retí ìgbájú. Ó gbé Ayọ̀ fún Màmá Kẹ́hìndé, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú wa fi ṣe déédéé. "Ìwọ parọ́, kò dáa. Ṣùgbọ́n ẹrù tí mo dì fún ẹ ju orí ẹ lọ. Má bínú, ọmọ mi."

Ojú ẹsẹ̀ ló pe Dádì, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Dádì ní, "Ta lẹ wá fẹ́ sọ ọ́ fún, bí kì í bá ṣe èmi?" Látọjọ́ náà, Màmá Kẹ́hìndé ń yà láràárọ̀ láti yẹ ìkòkò wò, Mọ́mì sì ń kọ wákàtí sára ìgò mílíìkì. Wọ́n gba imú mi sílẹ̀.

Imú Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í pa dà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa. Àlùbọ́sà ń rùn sí i bíi táyà tó ń jó, ọṣẹ ń rùn bí òkú eku. Ó tún wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dádì ti dé nígbà náà. Òun ló ń se oúnjẹ, nínú ọgbà ẹ̀yìn, kí òórùn má bàa lé ìyàwó rẹ̀ jáde.

Ọjọ́ kan ní ìgbà ooru ọdún kejì, atẹ́gùn gbé òórùn omi ìdọ̀tí wá láti ọ̀nà odò, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí oòrùn bá mú. Gbogbo àdúgbò ń ti fèrèsé. Mọ́mì dúró láàárín kíṣìnì, ó fa imú, ó tún fà á. Ló bá ṣí fèrèsé gbayawu, ó na ọrùn síta.

"Ṣaláńgá ni! Dádì Mosún, ó ń rùn! Ó ń rùn bó ṣe yẹ kó rùn! Olúwa ṣeun!"

Ó ń jó, Ayọ̀ ń tẹ̀ lé e, Dádì fi aṣọ bo imú, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Mò ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Rush Green, mo sì ń lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn ìyá tọ́ ọmọ. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá mílíìkì yẹn ló dá Ayọ̀ dùbúlẹ̀, mi ò sì retí kí n mọ̀ ọ́n mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kó ọmọ ọwọ́ mẹ́fà fún èmi nìkan láti bọ́. Mosún ọmọ ọdún méjìlá ì bá ní kò sí wàhálà, ì bá sì dá a ṣe. Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ó pọ̀ jù fún mi. Ẹ fún mi ní ẹnì kejì." Ó ní ó dáa pé mo sọ ọ́, ó sì fa àga, òun fúnra rẹ̀ jókòó tì mí.