Ọjọ́ tí Ilẹ̀kùn Yàrá Ìyá Mi Kọ̀ Tí Kò Ṣí

Ilé tí a rà wà ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó, lápá ibi tí ọ̀nà ti já sí Bẹyẹrúnkà. Ahoro agboolé kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń kọ́lé tà ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílé, ó wó àwọn ògiri alámọ̀ tó ṣẹ́kù, ó sì gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan dúró síbẹ̀. Àdúgbò wa há débi pé mọ́tò kò lè dé ẹnu ọ̀nà. Èjìká ni àwọn lébìrà fi ru irin àti sìmẹ́ntì wọlé. Alájì ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin náà.

Kì í ṣe ẹwà ilé yẹn ló mú ọkọ mi. Ìwé ni. Alájì kì í ta ilé lásán bí àwọn yòókù ṣe ń tà á. Ìwé gárántì ló ń fi tì í. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé fún ọdún mẹ́wàá, bí ìpìlẹ̀ bá rì, bí òpó bá yẹ̀, tàbí bí dẹ́kìn tó gbé yàrá òkè bá là, òun ni yóò tún un ṣe, òun náà ni yóò sì wá ibi tí a óò máa gbé títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bí a bá ti rí ohun tó kọ wá lóminú, kí a pe òun. Ojú lọ́yà ló ti fọwọ́ sí i. Àwọn ará àdúgbò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ṣé ilé lẹ rà ni àbí fíríìjì?" ni ìyàwó ilé kejì bi mí. "Wọ́n tún ti ń fún ilé ní gárántì?"

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa torí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀wé kà. Wọ́n ní, "Ṣé kọ́lékọ́lé ló fún yín ní èyí, àbí kólékólé?" A rẹ́rìn-ín títí. Èmi àti ọkọ mi ń sùn lókè, a fi yàrá ìsàlẹ̀ tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé fún ìyá mi kí wọ́n má baà máa gun àtẹ̀gùn.

Òjò ọdún àkọ́kọ́ kò ṣe wá ní nǹkan kan. Òjò ọdún kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Bí òjò bá rọ̀ sórí Màpó, gbogbo omi rẹ̀ ló ń sáré wá bá àwa tí a wà nísàlẹ̀. Mo ń gbálẹ̀ yàrá ìyá mi ní òwúrọ̀ kan nígbà tí mo rí ìlà kan lára ògiri, létí igun ẹ̀yìn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Mo rò pé òwú aláǹtakùn ni, mo fi ọwọ́ nù ún. Kò kúrò.

A pe Alájì. Ó rán bíríkìlà kan wá. Ọkùnrin yẹn fi ìka kan ògiri, ó ní ojú ògiri lásán ló sán, ó po sìmẹ́ntì díẹ̀, ó fi dí i, ó sì lọ. Ọkàn ọkọ mi balẹ̀. Tèmi kò balẹ̀. Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí mo bá wọ yàrá yẹn, ibẹ̀ ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ. Bí mo bá ń dáná, bí mo bá dúró níwájú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ níwèé, ìlà yẹn ni mo ń rí. Kò pẹ́, ó là gba inú sìmẹ́ntì tuntun jáde. Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀kùn ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í há, a ní láti fi èjìká tì í kí ó tó ṣí. Ọkọ mi ní omi òjò ló mú kí pákó wú. Ó wù mí kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí iléèwé wà ní ìsinmi ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi ti lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Òjò ti fi gbogbo òru rọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ti yọ, mo sì ń sá aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá mi ti wọ yàrá lọ kírun Àílà ọ̀sán, wọ́n ti pa ilẹ̀kùn dé. Mo gbọ́ ìró kan. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ lórí orúnkún. Mo wò yíká, n kò rí nǹkan kan. Ó tún ró. Ojú mi báyìí ni ògiri igun yàrá ìyá mi ṣe lanu, láti ilẹ̀ títí dé ibi tí orí mi mọ. Ẹnu náà gba ọwọ́.

Mo sáré wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn, kò mira. Mo fi èjìká gbá a, kò mira. Férémù ti wọ́, ó ti di ilẹ̀kùn mú bí ìgbà tí ajá bá di eegun mú.

"Ìyá mi! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Mo ń fà á," ni wọ́n dáhùn láti inú. "Kò gbọ́."

Mo fi igbe ta. Àwọn ọkùnrin méjì sáré dé láti ilé kejì, ọ̀kan gbé òòlù ńlá tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta dání. Mo ti ń pe Alájì lórí fóònù. Ẹlòmíràn ni mo kọ́kọ́ ṣèèṣì pè.

"Alájì, ògiri ti lanu! Ìyá mi wà nínú ẹ̀, ilẹ̀kùn ò ṣí, wọ́n fẹ́ fi òòlù fọ́ ọ."

"Kí ẹnikẹ́ni má lu ilẹ̀kùn yẹn o!" Ohùn rẹ̀ yí padà. "Màdáámù, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn yẹn ló gbé ògiri dúró báyìí. Ẹ ní kí Ìyá kúrò ní igun yẹn, kí wọ́n lọ sábẹ́ fèrèsé ẹ̀gbẹ́. Òkè-Àdó ni mo wà. Mo ń bọ̀."

Mo ké sí ìyá mi pé kí wọ́n lọ sábẹ́ fèrèsé ẹ̀gbẹ́, mo dúró síwájú ilẹ̀kùn, mo na ọwọ́ méjèèjì. Inú bí ẹni tó gbé òòlù dání.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí màmá kú síbẹ̀ ni?"

Bí Alájì bá ṣì í ńkọ́? Bí kò bá wá ńkọ́? Mo bẹ ọkùnrin náà, ó sì sọ òòlù kalẹ̀.

Mo yí lọ sí fèrèsé ẹ̀gbẹ́. Irin ni wọ́n fi dí i nítorí olè, ọwọ́ nìkan ló lè kọjá. Ìyá mi ti wọ́ ara wọn dé abẹ́ rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí wọn, wọ́n dì í mú. Ọwọ́ wọn tutù. Yẹ̀pẹ̀ ń dà sílẹ̀ láti igun yàrá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń da gàrí sínú abọ́.

"Ṣé ó máa wó?" ni wọ́n bi mí.

"Kò ní wó, Ìyá mi."

"Má purọ́ fún mi." "Ẹ̀rù ń bà mí."

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí. Ọjọ́ tí bàbá mi kú, wọn kò sọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, àwọn ni wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ọ̀rọ̀ yẹn já mi láyà ju ògiri lọ.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ni mo wí.

"Bí o bá rí i pé ó ń wó, fi ọwọ́ mi sílẹ̀ kí o sá. Ṣé o gbọ́?"

Mo túbọ̀ di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n pe orúkọ mi bí wọ́n ṣe máa ń pè é tí mo bá ṣàìgbọràn ní kékeré. Síbẹ̀, n kò fi ọwọ́ wọn sílẹ̀. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kálímà sábẹ́ ètè. N kò fẹ́ gbọ́ ọ, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tó bá ti rí ikú ni wọ́n máa ń ní kó má jẹ́ kó kúrò lẹ́nu òun.

Ọ̀kadà ni Alájì gùn dé, ayùn tí wọ́n fi ń gé irin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo igun ilé, mo sì ń wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Bí ẹ̀rù bá ba ẹni tó kọ́lé, kí ni kí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ṣe? Ó ní kí gbogbo èrò sún sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ síbi fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ irin.

"Ẹ̀yin náà, ẹ kúrò níbí, màdáámù."

"N ò lọ."

"Ó dáa. Ẹ di Ìyá mú."

Gbogbo bí ayùn ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ni mo ń gbọ́ nínú egungun mi. Bí irin kan ti já, yẹ̀pẹ̀ tún dà. Òógùn ń kán sílẹ̀ lágbọ̀n Alájì, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Nígbà tí àlàfo náà gba ènìyàn, orúnkún ìyá mi kò jẹ́ kí wọ́n lè gòkè. Alájì kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gba ojú fèrèsé wọnú yàrá, ó gbé wọn sókè, èmi àti aládùúgbò tó gbé òòlù wá yẹn sì gbà wọ́n níta. Ìborùn wọn há sí ibi tí wọ́n ti gé irin, ó ya. Bí Alájì ṣe ń bọ́ sílẹ̀ tẹ̀lé wọn ni búlọ́ọ̀kù kan jábọ́ láti igun, eruku sì bo gbogbo wa.

Ìyá mi jókòó pẹ̀tẹ́ sórí ilẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ìrun mi ò tíì parí." Wọ́n kí i lórí ìjókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì. Mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi parí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ Alájì ti fi igi gbé dẹ́kìn ró. Nígbà tí ẹnjiníà wá gbẹ́ ẹ̀bá ìpìlẹ̀, kànga àtijọ́ kan ni wọ́n bá lábẹ́ igun yẹn. Àwọn onílé àná ti da pàǹtírí kún un, wọ́n fi amọ̀ bò ó, àwọn tó ta ilẹ̀ kò sì rántí rẹ̀. Omi òjò ti wọ́ pàǹtírí náà lọ, ilé wá jókòó lé òfìfo. Ojú wa ni ẹni tó bá Alájì da òwò pọ̀ ti sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ìwé gárántì ń sọ, kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn bò mọ́lẹ̀. Ọkọ mi ti múra ìjà.

Alájì mi orí. "Mo kọ ọ́ pé bí ìpìlẹ̀ bá rì. Ó ti rì. Ta ló gbé e lé kànga, tí kò bá ṣe èmi?" Ó kọjú sí mi. "Ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ pè mí, bíríkìlà ni mo rán. Èmi ni ó yẹ kí n wá. Ẹ má bínú."

Mo bínú. Mo sọ fún un pé mo bínú, mo sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí fèrèsé yẹn. Méjèèjì ló wà nínú mi nígbà kan náà, n kò mọ èyí tí ǹ bá fi sílẹ̀.

Ó gba ilé fún wa ní Oníyanrìn. Ọyẹ́ ti dé kí wọ́n tó dí kànga náà pa, kí wọ́n gbé òpó mìíràn dìde, kí wọ́n sì tún ògiri mọ. Ẹnjiníà mìíràn, tí ọkọ mi mú wá fúnra rẹ̀, wò ó, ó ní kò séwu. Ó wu ọkọ mi kí a padà. Èmi ní kí a tà á. Ìyá mi ló dá ẹjọ́ náà.

"Mo fẹ́ yàrá mi," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má fi ilẹ̀kùn sí i mọ́. Aṣọ ni kí ẹ ta sí i."

Aṣọ la ta sí i títí di òní. Wọ́n ń sùn dáadáa nínú rẹ̀. Mo ń gbọ́ híhanrun wọn láti orí àtẹ̀gùn. Ìyàwó ilé kejì ti bi mí lọ́nà tí òun lè gbà bá Alájì sọ̀rọ̀, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ ra ilé.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a padà bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ mú ìyá mi, mo mú wọn bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì láì sọ ìdí. Wọn kò bi mí. A jókòó síbẹ̀ títí òjò fi dá, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ mi. Òjò tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní àwọn kò lọ, oorun ń kun àwọn. Mo jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo ń tẹ́tí sí ògiri.